Ìbọn Kannakánná Jésùfẹ́mi

Abímbọ́lá kò fẹ́ kí ọkọ rẹ̀ yin ìbọn náà. Ó ti sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ó ti sunkún sọ ọ́, ó sì ti fi í sínú àdúrà òwúrọ̀, lóhùn òkè, kí ọkùnrin náà lè gbọ́ ohun tí òun ń bá Ọlọ́run sọ. Jésùfẹ́mi gbọ́. Ó ṣe àmín sí gbogbo àdúrà yòókù, ó fo ti ìbọn.

Ọmọ Èkìtì ni Jésùfẹ́mi. Ìgbà tí ilé iṣẹ́ mọ́tò ṣì ń gba èèyàn ní Dagenham, ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ló débẹ̀, ìdí ẹ̀rọ ìgérin ni wọ́n sì fi í sí títí irun orí rẹ̀ fi funfun. Àìmọye ọkọ̀ ni irin tó gé wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan tó lè nawọ́ sí lójú títì pé, “Tèmi nìyẹn.” Dávídì, òyìnbó tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ló mú un wọ ẹgbẹ́ ayìnbọn kan ní apá Essex. Pépà ni wọ́n ń yìnbọn sí níbẹ̀, wọn kì í pa nǹkan kan. Nígbà tí Dávídì kú, ó fi ìbọn kan sílẹ̀ fún un, ọ̀nà tí òfin là sílẹ̀ ló sì gbà dé ọwọ́ rẹ̀. Ìbọn tẹ́ẹ́rẹ́ ni, irú èyí tí àwọn àgbẹ̀ òyìnbó fi ń pa kannakánná lóko láyé àtijọ́. Ó ti dógùn-ún, ìdí rẹ̀ sì ti sán.

Ọdún bíi méjì ló fi tún un ṣe nínú ṣẹ́ẹ̀dì ẹ̀yìn ilé wọn, nítòsí Parsloes Park. Kò fi pépà oníyanrìn họ ọ́ rárá, torí ohun tí pépà bá họ kúrò lára irin kì í padà sí i. Epo àti aṣọ ló fi ń nù ún, díẹ̀díẹ̀, títí orúkọ ẹni tó rọ ọ́ fi yọ lábẹ́ ìdógùn-ún bí ẹni ń jí lójú oorun. Ó fi gúlúù pa ìdí rẹ̀ tó sán pọ̀, ó fi okùn dì í, ó sì fi sílẹ̀ títí tó fi gbẹ dáadáa. Lẹ́yìn náà ó gbé e lọ fún àwọn tó ń dán irú rẹ̀ wò, wọ́n sì ní ọ̀pá rẹ̀ ṣì le.

“Ọdẹ Parsloes!” ni Lazarus, tó ń lu agogo nínú ìjọ aláṣọ funfun wọn, máa ń pè é. “Ẹran dà? Láti ìgbà tẹ́ ẹ ti ń nu ìbọn yìí, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ṣì ń tú àpò ìdọ̀tí mi kiri.”

“Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ò ṣẹ̀ mí. Ìwọ ni kó o máa di àpò rẹ dáadáa.”

Ọta ló wá kù. Kò sẹ́ni tó ń ṣe ọta ìbọn yẹn mọ́ láyé. Bí ó bá fẹ́ gbé e kọ́ ògiri lásán, ìyẹn ò ní jẹ́ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ yìn ín gbọ́dọ̀ ṣe ọta rẹ̀ fúnra rẹ̀, ìwé àṣẹ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ pé. Ti Jésùfẹ́mi pé. Ó ra kóròfo ọta onídẹ ti ìbọn mìíràn, ó ń gé e kúrú lórí ẹ̀rọ kékeré rẹ̀, ó ń wọ̀n ọ́n, ó ń ju èyí tí kò bá ṣe déédéé sínú agolo. Ó yọ́ òjé, ó dà á sínú irin tó ní ihò bí orí ọta. Orí òṣùwọ̀n tó kéré bí àwo ife ló ti ń wọn ẹ̀tù, kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣílẹ̀kùn ṣẹ́ẹ̀dì nígbà náà, kí afẹ́fẹ́ má baà kàn án.

Lẹ́yìn tó bá wọ̀n ọ́n tán ni Abímbọ́lá máa ń wọlé.

“Bàbá Wúrà, irin tó dàgbà ju bàbá yín lọ, kí lẹ fẹ́ kó sọ fún yín?”

“Mi ò ní kó sọ̀rọ̀. Kó ṣiṣẹ́ ni.”

“Ẹ gbé e kọ́ ògiri, kẹ́ ẹ máa wò ó. Èmi náà á máa bá yín wò ó.”

“Ohun tó bá wà lára ògiri, àwòrán ni.”

“Ọwọ́ bàbá yín náà di àwòrán. Èmi ni mo ń gé ẹran fún wọn.”

Òótọ́ ló sọ. Ọdẹ ni bàbá Jésùfẹ́mi, ṣakabùlà rẹ̀ ló bú mọ́ ọn lọ́wọ́ nínú igbó tó sì gé ìka mẹ́ta lọ. Nígbà tí Abímbọ́lá jẹ́ ìyàwó tuntun, òun ló máa ń jókòó ti bàbá ọkọ rẹ̀ lásìkò oúnjẹ, ó sì mọ bí àpá ọwọ́ náà ṣe rí ju bí ọkọ rẹ̀ ṣe mọ̀ ọ́n lọ.

“Ẹni tó rọ ẹ̀tù sínú ìbọn bàbá mi ò wọ̀n ọ́n,” ni Jésùfẹ́mi fèsì. “Ọwọ́ ni wọ́n fi bù ú. Èmi ń wọ̀n ọ́n.”

“Ọwọ́ yín náà lẹ fi ń wọ̀n ọ́n.”

Nígbà tó kù bí oṣù méjì kó lọ dán an wò, aríran kan dìde nínú ìsìn ọjọ́ Jímọ̀, ó ní òun rí irin tó pín sí méjì lọ́wọ́ bàbá kan. Àwọn bàbá pọ̀ nínú ìjọ náà, oníkálukú wo ọwọ́ ara rẹ̀. Abímbọ́lá kò wo ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Ó gbé orí lé ibi ìjókòó iwájú, kò sì gbé e sókè mọ́ títí wọ́n fi ṣe oore-ọ̀fẹ́.

Ó gbààwẹ̀. Nígbà tó tú u, ó ronú pé bí òun kò bá lè dá ọkọ òun dúró, ó yẹ kí òun lè dá ibi dúró. Nínú kọ́bọ́ọ̀dù onírin ni ìbọn àti ọta wà, Jésùfẹ́mi nìkan ni òfin sì gbà láàyè pé kó mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà. Àpò sùtánà funfun rẹ̀ ló fi í sí, ó ní ta ni yóò tọwọ́ bọ àpò sùtánà. Ẹni tó ń fọ sùtánà náà ti ń yọ kọ́kọ́rọ́ yẹn, ó sì ti ń dá a padà, láti ọjọ́ tó ti débẹ̀.

Nígbà tí ọkọ rẹ̀ lọ sí Upney nítòsí lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Abímbọ́lá ṣí kọ́bọ́ọ̀dù náà. Kò fọwọ́ kan ìbọn. Àwọn ọta náà tò sínú àpótí onípákó, orí wọn nísàlẹ̀, ìdí wọn lókè. Ó bu òróró mímọ́, ó ń kán an sí ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń pe orúkọ ọkọ rẹ̀ lé e lórí. Kò ṣe ju bí wọ́n ti ń ṣe nínú ilé yẹn lọ: kọ́kọ́rọ́ mọ́tò tuntun, ìwé ìrìnnà, ikọ̀wé tí Wúrà ọmọ wọn fi ṣèdánwò, kò sí èyí tí òróró kò kàn rí. Ó nu ẹ̀gbẹ́ àpótí náà, ó ti kọ́bọ́ọ̀dù padà, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ fúngbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́.

Òróró náà wà nídìí ọta fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó ń wọnú.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ tó máa dán an wò, Jésùfẹ́mi rí i pé ìdí àwọn ọta ń dán díẹ̀. Ó rò pé epo ọwọ́ ara òun ni. Ó fi aṣọ nù wọ́n, ó sì kó wọn lọ.

Michelle ló ń bójú tó pápá ìyìnbọn ẹgbẹ́ náà lọ́jọ́ yẹn, obìnrin Jàmáíkà tí wọ́n bí sí Barking.

“Ọ̀gbẹ́ni Fẹ́mi, ṣé òní ni ìgbéyàwó náà?”

“Òní ni.”

“Ìyàwó yìí dàgbà o.”

“Ṣùgbọ́n ó mọ́ tónítóní.”

Ọta àkọ́kọ́ kò dún. Ó di ìbọn náà mú, ó kọjú ẹnu rẹ̀ síwájú, ó dúró bí òfin pápá ṣe wí, kó tó yọ ọ́. Èkejì dún, ihò kékeré kan sì lu pépà nítòsí àárín. Omi lé sójú rẹ̀. Ẹ̀kẹta dún bí ẹni tó wúkọ́ nínú ìsìn. Jésùfẹ́mi wo pépà, kò rí ihò tuntun, ó ní òun ti tàsé. Ayọ̀ ti mú ọwọ́ rẹ̀ yá. Ó ti ń ki ẹ̀kẹrin bọ̀ ọ́ nígbà tí Michelle di apá rẹ̀ mú.

“Ẹ dúró. Ibo ni ọta yẹn gbà?”

“Ó fò kọjá pépà.”

“Mi ò gbọ́ kó ba òkìtì yẹ̀pẹ̀ ẹ̀yìn pépà. Ẹ tú u.”

Wọ́n tú u, wọ́n sì wo inú ọ̀pá náà sí ìmọ́lẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ kò kọjá. Òjé náà há sáàárín ọ̀nà. Bí ó bá ti yin òmíràn lé e, kò síbi tí agbára ẹ̀tù yóò gbà àfi kó fa ọ̀pá náà ya, nítòsí ojú rẹ̀. Michelle kò sọ bẹ́ẹ̀, ó kàn gba ẹ̀kẹrin lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì bá a fa àga.

Nílé, Jésùfẹ́mi tú ọ̀kan nínú àwọn ọta tó kù. Ẹ̀tù inú rẹ̀ ti dì bí ṣúgà tómi kàn. Ó gbé e sí imú. Lọ́fínńdà tí wọ́n ń pò mọ́ òróró ní ṣọ́ọ̀ṣì ló gbóòórùn.

Abímbọ́lá ń ṣa ẹ̀wà ní kíṣìnnì. Ọkọ rẹ̀ gbé àpótí ọta náà síwájú rẹ̀.

“Abímbọ́lá.”

Kì í pè é bẹ́ẹ̀. Ìyá Wúrà ló máa ń pè é. Obìnrin náà fi ẹ̀wà sílẹ̀.

“Mo fi òróró sí wọn,” ló wí. “Kí ó má baà ṣe yín ní nǹkan kan.”

“Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́?”

“Inú sùtánà yín. Ta ló ń fọ̀ ọ́?”

Jésùfẹ́mi jókòó, ó sì sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún un, láìgbé ohùn sókè, títí kan ọta ẹ̀kẹrin. Kò tíì parí tí Abímbọ́lá fi ọwọ́ bo ẹnu.

“Mo rí i tó ń dán,” ni Jésùfẹ́mi wí. “Mo rí i, mo sì nù ún.”

Ó fi fóònù sọ gbogbo rẹ̀, àti ti kọ́kọ́rọ́, fún Michelle, ó sì sọ ọ́ fún àwọn ọlọ́pàá tó ń rí sí ìwé àṣẹ. Wúrà pè láti ibi iṣẹ́.

“Daddy, why? Ẹ kàn lè sọ pé ẹ̀tù yẹn tutù ni.”

“Ṣé ó tutù?”

“Rárá, but—”

“Ó tán nìyẹn.”

Àwọn ọlọ́pàá wá lọ́sàn-án, wọ́n fi ọ̀wọ̀ bá a sọ̀rọ̀, wọ́n kó ìbọn náà lọ, wọ́n kó ẹ̀tù àti gbogbo ọta lọ. Wọ́n ní àwọn yóò gbé ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ rẹ̀ yẹ̀ wò. Jésùfẹ́mi mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún ọkùnrin ọjọ́ orí rẹ̀: wọn ò ní dá a padà mọ́. Láti ọjọ́ náà kò wọ ṣẹ́ẹ̀dì mọ́. Ohun tí Abímbọ́lá fi ààwẹ̀ tọrọ ti rí bẹ́ẹ̀, ìbọn ti kúrò nílé, ṣùgbọ́n kò tíì dúpẹ́ rẹ̀ nínú àdúrà òwúrọ̀.

Ìròyìn dé ìjọ pé Ọlọ́run yọ Bàbá Wúrà nínú ikú ìbọn. Inú aríran dùn, ó ní kí wọ́n wá jẹ́rìí. Lọ́jọ́ Ìsinmi, Jésùfẹ́mi jókòó ní apá ọkùnrin, kò dìde. Abímbọ́lá ló jáde láti apá obìnrin, ó dúró níwájú láìwọ bàtà bíi gbogbo wọn. Lazarus lu agogo fún un, wọ́n kọrin, wọ́n jó. Nígbà tí orin rọlẹ̀, wọ́n gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún un.

“Ẹ má tíì ṣe halelúyà,” ló wí. “Ìran tí a rí, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìbọn ọkọ mi kò ní àbùkù. Ó tún un ṣe dáadáa. Èmi ni mo da òróró sí ọta rẹ̀, tí mo bà á jẹ́. Èmi ni ǹ bá pa á.”

Agogo kò dún. Ẹnì kan tí kò gbọ́ dáadáa pariwo àmín, wọ́n sì fìgbọ̀nwọ́ gún un. Aríran wo ilẹ̀. Jésùfẹ́mi dìde, ó la àárín kọjá sí apá ibi tí ọkùnrin kì í dé, ó dúró ti ìyàwó rẹ̀.

“Ó tó, Ìyá Wúrà. Jẹ́ ká máa lọ sílé.”

Abímbọ́lá di ẹ̀rọ gbohùngbohùn náà mú.

“Ẹ dúró,” ló wí fún un. “Mi ò tíì sọ ti kọ́kọ́rọ́.”