Wáyà Tí Wọn Ò Fẹ́ Ha

Ẹnjiníà ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe fáànù. Bó bá ti ráyè báyìí, á kó wáyà, òòfà àti bátìrì sínú báàgì, ó di ilé-ìwé, kí àwọn ọmọ ọdún méjìlá lè fọwọ́ ara wọn ṣe mọ́tò kékeré tó ń yí. Àǹtí Bírí ni wọ́n ń pè é.

A lọ sí ilé-ìwé kan tí gbogbo irinṣẹ́ sáyẹ́ǹsì wọn ṣì wà nínú ọ̀rá tí wọ́n bá a rà. Wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ de àlejò. Ọmọ tó bá fọwọ́ kàn án, ẹgba ni. Ọ̀gá àgbà dúró sẹ́nu ọ̀nà kíláàsì.

"Madaamu, tí nǹkan tí ẹ gbé wá yìí ò bá yí kí aago tó lù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má padà wá. Ìdánwò ń bọ̀."

"Mo gbọ́, sà."

Àwọn ọmọ wé wáyà ní ròǹdò, wọ́n gbé e sókè òòfà, wọ́n so ó mọ́ bátìrì. Kò sí èyí tó mira. Ẹ̀gbọ́n mi ti sọ fún wọn pé kí wọ́n ha ọ̀dà tó bo ẹnu wáyà, torí iná ò lè gba inú ọ̀dà kọjá. Kò sẹ́ni tó ha á.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ló dé?"

Ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́nu ló fèsì. "Àǹtí, tuntun ni. Wọ́n máa ní a bà á jẹ́."

"Ta ló ni ín?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Èmi ní kó o bà á jẹ́. Bà á jẹ́ dáadáa!"

Ọmọ náà wo ọ̀gá. Ó wá mú sísọ́ọ̀sì, ó ha ẹnu kan yípo, ó ha ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo lára ẹnu kejì bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, títí bàbà fi ń dán. Ó gbé e padà, ó fìka ta á.

Ó yí! Ó yí débi pé ojú ò rí wáyà mọ́.

"Yéè! Ó ń sáré! Ẹ wò ó!"

"Ẹlẹ́nu, a ò ní gbádùn lẹ́nu ẹ lónìí!"

"Mú sísọ́ọ̀sì wá, jàre!"

Tábìlì kejì yí, ẹ̀kẹta yí. Ẹ̀gbọ́n mi ń fò sókè láàárín wọn bí ọmọdé. Aago lù, kò sẹ́ni tó dìde.

Ọ̀gá rìn wọlé tẹ̀rín-tẹ̀rín. "Madaamu, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ńkọ́?"

"A máa wá, sà!"

Orí àwọn ọmọ yìí pé. Ẹ̀rù ni wọ́n fi kọ́ wọn, ẹni tó sì fi kọ́ wọn ló ń rẹ́rìn-ín yẹn.

Ẹlẹ́nu na wáyà sí i. "Sà, ẹ̀yin náà, ẹ ha tiyín."

Ó gbà á, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ha á. Ó ń rọra ha á bí ọmọ tó ń bẹ̀rù ẹgba. Àánú rẹ̀ ò ṣe mí.