Ìyá Tó Wà Nínú Gbogbo Àròkọ

Ìròyìn tó gba àdúgbò wa kan lẹ́yìn ọdún Iléyá ni pé Ìyá Nùrẹ́nì ti kú rí. Kì í ṣe pé ó ṣàìsàn díẹ̀ o. Wọ́n ní ó kú pátápátá, wọ́n sin ín, wọ́n tẹ ilẹ̀ lé e lórí, ó wá dìde lọ́jọ́ fídáù ara rẹ̀, ó jẹ ìrẹsì àwo mẹ́ta, ó sì bínú pé ẹran tí wọ́n bù fún òun kéré. Wọ́n ní ààfáà tó ń ka Kùránì lọ́wọ́ bẹ́ gba ojú fèrèsé, kò sì tíì dúró títí di òní. Kútọnu ni wọ́n ti rí i gbẹ̀yìn, ó ṣì ń sá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹ̀ kò jìnnà. Inú àròkọ ló ti jáde.

Ilé ẹ̀kọ́ kékeré kan wà lẹ́bàá ọ̀nà Ailegun, ní Èjìgbò. Tíṣà kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Babáṣọlá, tó fẹ́ràn àròkọ bí ẹlòmíràn ṣe fẹ́ràn bọ́ọ̀lù. Lọ́jọ́ Ajé, á ní kí wọ́n kọ nípa ìjàǹbá ọkọ̀ tó ṣojú wọn. Kí ọgbẹ́ ìyẹn tó jinná, á ní kí wọ́n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ọṣẹ dúdú. Lẹ́yìn ìyẹn, iṣẹ́ dókítà àti iṣẹ́ àgbẹ̀, èwo ló dára jù? Kí ló ń fa omíyalé ní Okota? Ká ní ìwọ ni gómìnà ńkọ́? Ọ̀sẹ̀ kan wà tó jẹ́ pé ìgbéyàwó, ogun abẹ́lé àti bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ehoro ló pàdé lórí ìwé ọmọ kan náà.

Inú fóònù làwọn ọmọ ti kọ́kọ́ ń kó àròkọ. Ó wá di ọjọ́ kan tí Tíṣà ní kí wọ́n sọ bí wọ́n ṣe ṣe ọdún nílé. Gbogbo kíláàsì pátá ló kọ ọ́ pé yìnyín bo ilẹ̀ ní Èjìgbò, àwọn sì jókòó yí iná inú ògiri ká bí òyìnbó kí òtútù má baà pa àwọn. Ọmọ Ìmáámù wà nínú àwọn tó yáná. Tíṣà mú orí lé tábìlì, kò gbé e sókè títí agogo fi lù. Nígbà tó gbé e, ó ṣòfin: fóònù ti tán. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ bá àgbàlagbà kan ládùúgbò, kí ó jókòó tì í, kí ó bi í léèrè, kí ó sì kọ orúkọ àgbà náà sí ìsàlẹ̀ ìwé.

Òfin gidi ni. Ohun tí Tíṣà ò rò ni pé ládùúgbò tiwa, kí oòrùn tó yọjú, gbogbo ẹni tó bá ní ẹsẹ̀ méjì ti jáde. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní pápákọ̀ òfuurufú ti lọ, àwọn oníṣòwò ti dé Òṣòdì, kódà àwọn ìyá àgbà wa ń ta rìíṣáàjì lábẹ́ agboòrùn. Àgbà kan ṣoṣo ló máa ń wà nílé.

Ìyá Nùrẹ́nì ń dá gbé yàrá méjì lẹ́yìn ilé tí ọkọ rẹ̀ kọ́ kó tó jáde láyé. Àwọn ayálégbé ń bẹ níwájú, àmọ́ ohùn géètì ni ìyá fi mọ̀ wọ́n: gbà lówùúrọ̀, gbà lálẹ́. Àgbékẹ́, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ń bẹ ní Àbújá. Nùrẹ́nì ń bẹ ní Kánádà, ó sì máa ń pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù tí èèyàn fi ń ríra. Ojú rẹ̀ á yọ, nẹ́tíwọọ̀kì á ṣe tirẹ̀, ojú náà á gan pẹ̀lú ẹnu ní lílà. Ìyá á máa bá ojú tó gan sọ̀rọ̀ lọ. Á sọ iye tí tòmátì ti dà, á sọ ti orúnkún rẹ̀, á béèrè àwọn ọmọ, á dúró díẹ̀ bí ẹni pé wọ́n dá a lóhùn, á sì ní, "Alihamudulilai."

Ìléríolúwa lọmọ tó kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ìjàǹbá ọkọ̀ ló bá wá. Ìyá Nùrẹ́nì ò sì rí ìjàǹbá kankan rí.

"Ẹ ò rí i rárá, mà?" Ọmọ náà ti ń dé bírò rẹ̀.

Ìyá wo bírò yẹn.

"Ta ló ní mi ò rí i? Jókòó."

Ìléríolúwa jókòó títí wọ́n fi pe àdúrà ìrọ̀lẹ́. Tírélà mẹ́ta ló kọlura, ọ̀kan kó epo, ọ̀kan kó màlúù, ìkẹta kó ìyàwó tuntun. Ìyá ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa ìyàwó yọ. Ọmọ náà gba máàkì tí ẹnikẹ́ni ò gbà rí nílé ẹ̀kọ́ náà.

Lọ́jọ́ kejì, ẹnu ọ̀nà ìyá dà bí ilé ìfowópamọ́ lọ́jọ́ tí owó ọ̀yà wọlé. Ìyá ra bisikíìtì, ó tún gbé sóbò sínú fíríìjì. Ohun tí ẹ bá bi í ló ti ṣe rí. Ó ṣe nọ́ọ̀sì lójú ogun. Ó gbin kòkó dé ibi tí ọ̀bọ fi ń kí i ní ẹ káàárọ̀. Ọkọ̀ òfuurufú kan tó fẹ́ balẹ̀ fi ẹsẹ̀ kó ìró rẹ̀ lórí okùn, àwọn òyìnbó sì dá a padà fún un pẹ̀lú ìwé ẹ̀bẹ̀.

Tíṣà mọ̀ pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún mi, tíṣà wo tí wọ́n bí sílé ire ló máa fi bírò pupa kọ "irọ́" sábẹ́ ọ̀rọ̀ ẹni tó ju ìyá rẹ̀ lọ? "Ó ga o" ló máa ń kọ síbẹ̀. Ó wá dọjọ́ àríyànjiyàn. Moyọ̀sọ́lá dìde, ó ní iṣẹ́ dókítà ló dára jù, Ìyá Nùrẹ́nì ló sọ bẹ́ẹ̀, nítorí dókítà ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Ìdírísù dìde lódìkejì, ó ní iṣẹ́ àgbẹ̀ ni, Ìyá Nùrẹ́nì ló sọ bẹ́ẹ̀, nítorí àgbẹ̀ ni wọ́n láti kékeré.

"Òpùrọ́!"

"Ṣé Ìyá Nùrẹ́nì ló ń purọ́ ni, àbí èmi?"

Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ ya aṣọ mọ́ra wọn lọ́rùn. Tíṣà pẹ̀tù sí i. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni Ìdírísù gbé àròkọ tiẹ̀ dé, èyí tí Ìyá Nùrẹ́nì ti kú nínú rẹ̀. Tíṣà kà á tán, ó pa ìwé dé.

"Ó tó gẹ́ẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má lọ sọ́dọ̀ màmá yẹn mọ́. Ẹni tó bá tún kọ orúkọ wọn, òdo ni."

Ìyá ò gbọ́ òfin yìí. Ó kàn rí i pé ẹnu ọ̀nà dákẹ́. Lọ́jọ́ kìíní, ó ní bóyá wọ́n ń dánwò. Lọ́jọ́ kejì, ó yọ sóbò jáde kó má baà dì, ó tún gbé e padà. Ó jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, ó kọjú sí géètì. Ọkọ̀ òfuurufú kọjá lórí òrùlé, páànù gbọ̀n, gbogbo rẹ̀ tún palọ́lọ́. Bisikíìtì rọ̀ nínú agolo. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ fúnra rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò fẹ́ràn bisikíìtì.

Nígbẹ̀yìn, ó rí Moyọ̀sọ́lá tó ń sáré kọjá lójú géètì.

"Ìwọ! Wá ńbí. Wọn ò fún yín ní àròkọ mọ́ ni?"

Ọmọ náà kúnlẹ̀ lókèèrè, ojú rẹ̀ ń wá ibi tó máa sá gbà. "Wọ́n ń fún wa, mà. Wọ́n ní ká má bi yín ni."

"Kí ni mo ṣe?"

"Wọ́n ní ẹ ti kú, mà."

Ìyá Nùrẹ́nì dìde lórí àpótí. Ó wọlé. Nígbà tó jáde, ó ti wé gèlè, ó ti wọ bàtà tó fi ń lọ Yídì.

Kíláàsì ń dún bí ilé oyin nígbà tó yọ lẹ́nu ọ̀nà. Ìdírísù wọ abẹ́ tábìlì lọ. Tíṣà dọ̀bálẹ̀ láàárín ẹfun tó bọ́ láti ara pátákó ìkọ̀wé, ó dìde pẹ̀lú àyà funfun.

"Màmá, ẹ káàbọ̀, mà."

"Ẹ ṣé. Òkú ló wá kí yín." Wọ́n gbé àga fún un, kò jókòó. "Mo wá tún un ṣe ni. Ẹ mú bírò. Àkọ́kọ́, ẹnikẹ́ni ò sin mí. Ẹni tó ń jẹ́ orúkọ mi ló kú ní Mafoluku. Ìròyìn dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹbí mi ní Ẹ̀pẹ́, kò sẹ́ni tó pè mí kó fi mọ̀ bóyá èmi ni. Wọ́n dáná fídáù. Èmi kàn lọ kí wọn ni tèmi, mo bá ìkòkò lórí iná."

"Ṣé ẹ jẹ ìrẹsì náà, mà?" Abẹ́ tábìlì ni ìbéèrè yìí ti wá.

"Mo jẹ ẹ́. Ebi ń pa mí. Ẹran wọn sì kéré lóòótọ́. Ààfáà ò bẹ́ gba fèrèsé kankan. Ó parí àdúrà rẹ̀, ó ní kí wọ́n bá mi tọ́jú ẹ̀ sílẹ̀ de ọjọ́ tí mo bá kú."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ìyá dúró kí wọ́n rín in tán.

"Wọ́n sunkún lọ́jọ́ náà, wọ́n dì mọ́ mi, wọ́n ní àwọn á máa wá wò mí lóṣooṣù. Láti ìgbà yẹn, kò tíì sẹ́ni tó wá. Tíṣà, nínú gbogbo ohun tí mo sọ fáwọn ọmọ yìí, èyí tó sún mọ́ òótọ́ jù lẹ fi lé wọn kúrò lọ́dọ̀ mi."

Tíṣà gbọn ẹfun àyà rẹ̀ dànù, ẹfun náà ò sì lọ. "Ogun ńkọ́, mà? Kòkó ńkọ́?"

"Òwú àti bọ́tìnì ni mo tà títí ojú mi fi ṣú sí abẹ́rẹ́. Mo bímọ méjì. Ó parí. Kí ọmọ tó fẹ̀dí jókòó, ó ti kọ ọ́ tán, á sì dìde."

Tíṣà yíjú sáwọn ọmọ, ó fi ọwọ́ ẹfun nu ojú. "Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé màmá kò ní ẹnì kankan."

"Má kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní èèyàn. Wọn ò sí nítòsí ni."

Moyọ̀sọ́lá na ọwọ́ sókè. "Ṣé a ṣì lè máa wá, mà?"

Gbogbo ojú yí sí Tíṣà. Ó yún orí, ó ní tó bá jẹ́ ohun tó ṣojú màmá nìkan ni wọ́n máa sọ, kò burú.

"Ẹ máa bọ̀," ni Ìyá Nùrẹ́nì wí. "Ilẹ̀kùn mi kì í tì láti àárọ̀ dalẹ́." Ó ti kọjú síta kó tó dúró, tó sì yíjú padà. "Irọ́ nìyẹn. Mo máa ń tì í, ẹ̀rù máa ń bà mí. Ẹ kàn án kó dún, kẹ́ ẹ sì ní sùúrù. Ó máa ń pẹ́ kí n tó dìde."