Ọjọ́ Orí Táyà

Bí mo bá ń kọjá níwájú ìsọ̀ àwọn tó ń lẹ táyà ní Ọ̀wọ̀, tí mo gbọ́ tí ẹnì kan ń fi irin gbá táyà tírélà, mo ṣì máa ń jowú.

Awakọ̀ tírélà ni bàbá mi, èmi nìkan sì lọmọ rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tó fẹ́ kó pákó lọ sí Kánò, ó ń yí tírélà rẹ̀ po níwájú ilé wa ní Ùsò. Ó ń fọwọ́ pa táyà kọ̀ọ̀kan lára, ó ń ka nọ́ńbà tó ń sọ ọdún tí wọ́n ṣe é. "Èyí ti pé ọdún márùn-ún. Ogbó ti dé sí i." Ó wá wò mí. "Ìwọ ńkọ́, o ti pé mélòó báyìí?"

Bó ṣe wọlé lọ jẹun, mo tú ìdérí ẹnu táyà arúgbó yẹn, mo fi ẹnu ìṣó tẹ irin kékeré tó wà nínú ẹnu táyà náà. Afẹ́fẹ́ tó ń rùn bíi rọ́bà fẹ́ sí mi lójú, ó sì dùn mọ́ mi. Mi ò tíì mọ̀ pé táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó a máa gbóná lábẹ́ ẹrù títí yóò fi bẹ́.

Kó tó gbéra, ó fi irin gbá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan kò dún bíi tàwọn yòókù. Ó dúró, ó nawọ́ sí mi, mo sì gbé ìdérí náà lé e lọ́wọ́.

Kò nà mí. Ó ní, "O ti pé ọdún méje. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ tí a bí ẹ."

Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kejì wà lára táyà náà bó ṣe ń sọ ọ́.