Obìnrin Tó Ń So Òwú Mọ́ Òdòdó

Ọdún mẹ́sàn-án ni Ìyá Aránṣọ ti fi ń so òwú mọ́ òdòdó, kò sì sẹ́ni tó bi í pé kí ló dé, àfi ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ pé òun kì í rí nǹkan kó má béèrè. Kó tó dìgbà náà, aṣọ ilé-ìwé ló fi ọgbọ̀n ọdún rán. Nígbà tí aṣọ tí wọ́n ti rán tán kún ìgboro, tí abẹ́rẹ́ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í kéré lójú rẹ̀, ó ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó lọ gbaṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú òkè kan lẹ́yìn ìlú.

Òdòdó igbó kan ń hù lórí òkè yìí, irú èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ọ́kíìdì. Kì í ga ju orúnkún lọ. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn pupa, díẹ̀ funfun báláú. Ìran kan náà ni wọ́n, ewé wọn ò yàtọ̀, bí ọmọ ìyá méjì tí ọ̀kan pọ́n tí ọ̀kan dú.

Iṣẹ́ Ìyá Aránṣọ rọrùn láti fẹnu sọ. Bí òdòdó bá ti tanná, á so òwú pupa mọ́ ọrùn èyí tó pupa, á so funfun mọ́ ti funfun, á kọ iye wọn sínú ìwé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, tí ìtànná ti rẹ̀ dànù, tó ku igi lásán, á padà lọ wo èyí tó so èso nínú wọn. Nígbà yẹn, kò sẹ́ni tó lè wo igi kó mọ àwọ̀ tó fi tanná. Òwú nìkan ló mọ̀.

Lọ́dún tí à ń wí yìí, ọ̀gá tuntun dé sílé iṣẹ́ náà. Kò tíì pé ogójì ọdún, ó sì fẹ́ràn ètò bí ọmọdé ṣe fẹ́ràn iyọ̀ ìrèké. Ó ní kí wọ́n kọ ÒKÈ ÒDÒDÓ PUPA gàdàgbà sí ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí ọ̀dà gbẹ tán, ó gbójú sókè wo òkè, inú rẹ̀ ò dùn.

"Màmá," ó ní, "àwọn funfun yìí ń ba àwòrán àwọn àlejò jẹ́. Ó dà bí aṣọ tí wọ́n sá tí wọ́n gbàgbé ẹ̀ síta. Mo fẹ́ kí wọ́n hú wọn, ká fi pupa dí àyè wọn."

"Kí ni wọ́n fi ṣe yín, Ọ̀gá?"

"Wọn ò wúlò ni. Ẹ ò rí i pé wọn ò pọ̀? Ohun tó bá wúlò máa ń pọ̀."

"Ọ̀gá náà ò pọ̀ níbí," ni Ìyá Aránṣọ wí. Kò rẹ́rìn-ín.

Ọ̀gá wúkọ́. Wọ́n wá fẹnu kò sí i pé bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà bá pé, kí Màmá ka èso wá kó tó di àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Bí funfun ò bá so ju pupa lọ nínú mẹ́wàá mẹ́wàá, àwọn alágbàṣe á gòkè lọ́jọ́ náà gan-an, wọ́n á hú gbogbo igi tó bá ní òwú funfun lọ́rùn.

Ẹ̀rù ò ba Ìyá Aránṣọ, nítorí ó mọ ìwà òdòdó náà. Oníjìbìtì ni. Kò ní omi dídùn kankan nínú. Oyin á wọlé, á wá inú ilé títí, á bá òfo, lẹ́búlẹ́bú òdòdó á sì lẹ̀ mọ́ ọn níwájú orí, tí yóò gbé dé inú òdòdó tó kàn láìmọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni èso ṣe ń dé. Bí wọ́n bá ti tàn án nínú pupa mẹ́ta mẹ́rin, á gbọ́n, kò ní yà sí pupa mọ́. Ìgbà náà ló máa wá rí funfun, tó máa rò pé ilé ẹlòmíràn nìyí. Ó dà bí ọlọ́jà ẹ̀tàn kan tó ní ṣọ́ọ̀bù méjì, tó kun ọ̀kan ní pupa, tó kun èkejì ní funfun: ẹni tó bá fìbínú jáde níbí, ọ̀hún ló ń lọ. Nítorí pé funfun ò pọ̀, oyin tó ti gbọ́n sí i ò pọ̀. Lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, ó máa ń so ju pupa lọ. Ìyá Aránṣọ ti rí i bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́jọ, àmọ́ ọ̀gá àná kó àwọn ìwé náà lọ nígbà tó fẹ̀yìn tì. Ti ọdún yìí nìkan ló kù.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà pé, tí ìtànná ti rẹ̀ tán, ó gòkè lọ ka èso lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Igi àkọ́kọ́, òwú funfun. Èkejì, funfun. Ìkẹwàá, funfun tó dọ̀tí. Ó jókòó sórí òkúta.

Òwú tó kù nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló ti ń lò látẹ̀yìnwá. Lọ́dún yìí, Ọ̀gá ní kí ilé iṣẹ́ máa ra òwú fúnra rẹ̀, kí ètò lè wà. Ètò ti wà: òjò àti oòrùn ti fọ pupa inú rẹ̀ lọ. Ọ̀ọ́dúnrún igi, ọ̀ọ́dúnrún òwú funfun. Bí àwọn alágbàṣe bá tẹ̀ lé àṣẹ tí wọ́n gbà, wọ́n á hú gbogbo òkè, kò sì sẹ́ni tó máa lè dá wọn lẹ́bi.

Nígbà tó ka gbogbo èso tán, ó sọ̀ kalẹ̀, ó bá Ọ̀gá ní ọ́fíìsì.

"Ọ̀gá, òwú ti ṣá."

"Òwú tí mo fọwọ́ ara mi rà? Ojú yín ni, Màmá. Ẹ tún lọ wò ó. Mo ti ránṣẹ́ sáwọn alágbàṣe, mi ò lè dá wọn padà mọ́." Bàtà tí Ọ̀gá wọ̀ lọ́jọ́ náà kì í ṣe bàtà tí wọ́n fi ń gòkè.

Nílé, ọkọ rẹ̀ jókòó sídìí tábìlì rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Aago ni ọkùnrin náà ń tún ṣe, awò kékeré kan sì máa ń há sójú rẹ̀ láti àárọ̀ títí oúnjẹ yóò fi délẹ̀. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán.

"Èso mélòó ló wà lókè?"

"Igi méjìléláàádọ́rin ló so."

"Fún funfun ní ọgbọ̀n, kó o fún pupa níyòókù. Ṣebí òótọ́ ni pé funfun ń so jù."

"Bí mo bá wá ń parọ́ ti òótọ́ lẹ́yìn, kí ni mo fi yàtọ̀ sí òdòdó yẹn?"

"Òdòdó yẹn kì í gun òkè."

"Ẹ ṣeun, baálé mi."

Ọkọ rẹ̀ tún ní: "Nígbà tó o wà ní ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n bá gbé aṣọ tó ti ṣá wá pé kó o wá irú ẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn, báwo lo ṣe ń mọ àwọ̀ tó ní tẹ́lẹ̀?"

"Mo máa ń tú etí ẹ̀ ni. Oòrùn kì í dé inú ibi tí wọ́n bá ṣẹ́ po."

Ó gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu ara rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ kàn fẹ́ sọ̀rọ̀ ni o, àmọ́ láti ọjọ́ náà, òun ló ń sọ fáyé pé òun lòun rí ọgbọ́n yẹn.

Kókó aránṣọ ni Ìyá Aránṣọ máa ń ta, ìlọ́po mẹ́ta, tó fún dan-in. Lọ́jọ́rú, ó gé òwú kúrò lọ́rùn igi méjìléláàádọ́rin tó so, ó kó wọn sínú àpò ìwé. Lọ́jọ́bọ̀, tọkọtaya jókòó sí fèrèsé láti àárọ̀. Ọkọ ń fi ẹ̀mú tó fi ń mú eyín aago tú kókó, ìyàwó ń wò, ó ń kọ. Kókó kìíní tú, inú rẹ̀ pupa fòò bí ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú páálí. Wọ́n mú èkejì.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó ku mẹ́sàn-án tí kókó wọn ti dẹ̀.

"Funfun nínú, funfun lóde," ni ọkọ wí. "Ó lè jẹ́ funfun. Ó sì lè jẹ́ pupa tí oòrùn ti wọlé tọ̀. Kọ ọ́ sí funfun, ta ló máa mọ̀?"

Ìyá Aránṣọ fa ìlà kẹta sínú ìwé, ó kọ *N ò mọ̀* sókè rẹ̀, ó kọ mẹ́sàn-án sábẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, àwọn alágbàṣe mẹ́fà ti wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọkọ́ léjìká nígbà tí Ọ̀gá ṣí ìwé náà.

"Kí ni 'N ò mọ̀' yìí? Mi ò rí irú ẹ̀ nínú ìwé iṣẹ́ rí."

"Ó wà nínú iṣẹ́, Ọ̀gá. Inú ìwé ni kì í sí."

Ọ̀gá gbọ́n ju bí ó ṣe ń múra lọ. Ó ní: "Ó dáa. Mo kó gbogbo mẹ́sàn-án fún pupa." Ó tẹ ẹ̀rọ ìṣirò. Pupa jẹ́ òjìlélúgba nígbà tó tanná. Mọ́kànlélógójì so, ó fi mẹ́sàn-án lé e, ó di àádọ́ta. Nínú mẹ́wàá, méjì. Funfun jẹ́ ọgọ́ta, méjìlélógún so. Nínú mẹ́wàá, mẹ́ta àti ààbọ̀, ó tún lé díẹ̀. Ó tún un tẹ̀. Ó fi pẹ́ńsù ṣe é lórí ìwé. Iye kan náà ló ń bọ̀.

"Bẹ́ ẹ bá hú funfun," ni Ìyá Aránṣọ wí, "oyin tí pupa bá ti tàn kò ní ríbi yà sí mọ́, á gba òkè ẹlòmíràn lọ. Ìyẹn ò ní ṣe pupa náà lóore."

"Ṣé àwọn oyin yìí ò ní gbọ́n tán ni?"

"Ọdọọdún ni wọ́n ń bí tuntun."

Ọ̀gá pa ìwé dé. "Èmi náà ti ń rò ó tẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí la fẹ́ sọ fáwọn tó wà níta yìí?"

Ìyá Aránṣọ jáde lọ bá wọn.

"Màmá, èwo la máa hú?" ni olórí wọn bi í.

"Ẹ ò ní hú nǹkan kan."

"A ti gbé ọkọ́ wá o."

"Gọ́tà ẹ̀yìn ọ́fíìsì ti dí. Ọkọ́ náà ló ń wá."

Wọ́n gba ẹ̀yìn ọ́fíìsì lọ, wọ́n ń kùn. Ìyá Aránṣọ mú sísọ́ọ̀sì rẹ̀, ó gòkè lọ gé òwú tó kù lọ́rùn àwọn igi yòókù, ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí kò sẹ́ni tó mọ ọ̀gá tí yóò tún dé lọ́dún tó ń bọ̀.