Àtàǹpàkò Yèyé

Mo ṣì ń rántí àtàǹpàkò Yèyé, ìyá bàbá mi. Ẹni bá gbé ìwé tí kò yé e wá pé kó tẹ̀, ńṣe ló máa ká àtàǹpàkò náà sínú àtẹ́lẹwọ́, á di ẹ̀ṣẹ́.

Ìjọba fẹ́ la títì gba oko kòkó rẹ̀ kọjá ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà. Wọ́n ní ká wá tẹ̀wé l'Óṣogbo.

"Ẹ kà á fún mi ní Yorùbá."

Akọ̀wé, ọmọ Ìjẹ̀ṣà bíi tiwa, ojú ò tì í: "Màmá, Gẹ̀ẹ́sì nìjọba ń sọ."

"Nígbà tí ìjọba wá tọrọ ìbò lọ́wọ́ mi, Gẹ̀ẹ́sì ló sọ?"

Èmi tí mo lè kà á fún un ni mo ní, "Yèyé, ẹ tẹ̀ ẹ́ ká máa lọ."

Ó na àtàǹpàkò náà sí mi.

"Gbà á. Ìwọ náà ti di ìjọba."