Ọjọ́ Tí Wọ́n Bá Lavinia Ṣe Aṣọ

Ìyálé mi ni Lavinia. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló fẹ́ ẹ, inú ọgbà kan náà la sì jọ ń gbé ní erékùṣù Vava'u níbí láti ìgbà tí mo ti jẹ́ ìyàwó tuntun. Èmi ni onínúfùfù nínú wa, ẹnu mi kì í sinmi. Lavinia ní tirẹ̀, bí o bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀, òun ló máa bẹ̀ ọ́. Àwọn ará ìjọ wa ń pe ìyẹn ní ìwà Kristẹni. Èmi ò mọ ohun tí mo lè pè é, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Iṣẹ́ ngatu, aṣọ èèpo igi, ló mọ̀ jù láyé. Òun ló ń gbin igi náà, òun ló ń bó èèpo rẹ̀, òun ló ń fi òòlù lù ú títí á fi fẹ̀ tí á sì fẹ́lẹ́. Ohùn òòlù rẹ̀ la fi ń jí láàárọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí obìnrin tó lè dá ngatu parí. Bí èèpo rẹ bá ti pọ̀ tó, àwọn ẹgbẹ́ rẹ gbọ́dọ̀ wá jókòó ti pákó gígùn nínú gbọ̀ngàn ìjọ, kí wọ́n fi pàkí sísè lẹ̀ ẹ́ mọ́ra, kí wọ́n sì fi omi èèpo igi pupa kùn ún kí oòrùn tó wọ̀. Àáró ni. Lónìí tèmi, lọ́la tìrẹ. Àdúrà la fi ń bẹ̀rẹ̀, orin la fi ń ṣe é, a sì ń sọ fún ara wa pé ìfẹ́ Kristi ló kó wa jọ. Kò sí aṣọ ẹnikẹ́ni nínú wa tí ọwọ́ Lavinia kò kàn.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Saia. Nígbà tí ọmọ náà pé ọdún mẹ́ta, ẹ̀gbọ́n Lavinia obìnrin, tí kò rí ọmọ bí, ní òun ń lọ sí Amẹ́ríkà, kó fún òun ní Saia. Lọ́dọ̀ wa, bí ẹ̀gbọ́n bá tọrọ ọmọ, a kì í kọ̀. Lavinia wẹ ọmọ rẹ̀, ó fi òróró àgbọn pa á lára, ó sì gbé e fún wọn ní èbúté. Ọkọ rẹ̀ kú láìpẹ́ sígbà náà. Kò bí òmíràn mọ́.

Saia dàgbà lọ́hùn-ún. Nígbà tó di géńdé, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ fọ́ ṣọ́ọ̀bù, òun ló wa mọ́tò fún wọn. Ó ṣẹ̀wọ̀n fún ọdún púpọ̀. Ọjọ́ tó jáde ni ìjọba ibẹ̀ ní kì í ṣe ọmọ àwọn, kó máa lọ sí ìlú rẹ̀. Bó ṣe sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi nìyẹn, ọkùnrin fìrìgbọ̀n tí wọ́n fín ọnà sí lọ́rùn dé etí, tó ń sọ èdè wa bí ọmọ ọdún mẹ́ta, nítorí ibẹ̀ ni èdè náà ti dúró lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí àlùfáà wá kí i káàbọ̀, ó ní, “Ìwọ, ṣé ebi ń pa ọ́? Wá jẹun!” Àlùfáà rẹ́rìn-ín, ó sì jẹun. Àwọn tó tẹ̀ lé àlùfáà ní àfojúdi gbáà ni.

Ayọ̀ fẹ́ẹ̀ yí Lavinia lórí. “Sela,” ó sọ fún mi, “ohun tí mo ti fún èèyàn, Ọlọ́run gbà á padà fún mi.”

Kò sí ọjọ́ Àìkú tí Saia kò wá sí ìjọ. Ó ń wọ ẹ̀wù ọlọ́rùn gíga nínú ooru kí ọnà ọrùn rẹ̀ má bàa hàn. Bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn ló ń jókòó sí, kò sì pẹ́ tí bẹ́ǹṣì náà fi di tirẹ̀ nìkan, nítorí bó bá ti jókòó ni àwọn tó wà níbẹ̀ máa ń rántí pé atẹ́gùn pọ̀ lẹ́bàá fèrèsé. A ó dìde, a ó kọrin pé ọ̀kan ni gbogbo wa. Ọ̀kan ṣoṣo náà sì ló wà lẹ́yìn lóòótọ́.

Lavinia rí gbogbo rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, bí ọmọ kan bá pé ọdún mọ́kànlélógún, ìdílé rẹ̀ á tẹ́ ngatu sílẹ̀ fún un, á rìn lórí rẹ̀ lójú gbogbo ìjọ, gbogbo ayé á sì mọ̀ pé ọmọ ilé ni. Inú ẹ̀wọ̀n ni Saia ti pé ọdún yẹn. Lavinia ní òun máa ṣe aṣọ náà báyìí, bó tilẹ̀ ti pẹ́. “Bí àwọn obìnrin ìjọ bá fi ọwọ́ ara wọn ṣe é,” ó ní, “tí ó sì rìn lórí rẹ̀ wọlé ìjọ, ta ló tún máa pè é ní ọ̀daràn lẹ́yìn ìyẹn? Á ti di ọmọ gbogbo wọn.” Ó lu èèpo fún oṣù púpọ̀ títí èjìká rẹ̀ fi ń dùn ún.

Ọ̀sán tó ṣáájú ọjọ́ iṣẹ́ ni Melenaite dé, òun pẹ̀lú obìnrin méjì. Melenaite ni ìyàwó bàbá ìjọ wa, òun náà sì ni olórí ẹgbẹ́ obìnrin. Ẹgbẹ́ ni èmi àti ẹ̀, a jọ ṣe ọmọdé ni.

“Ẹ̀gbọ́n Lavinia, a ò wá jà o,” ó ní. “Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ la bá wá.”

Bí Melenaite bá ti ní ọ̀rọ̀ ìfẹ́ lòun bá wá, kí kálukú tètè ká ẹsẹ̀ rẹ̀ kò.

“Àwọn ọmọbìnrin wa máa wà níbẹ̀ lọ́la,” ó ń bá a lọ. “Ẹ̀rù ọmọ yín ń bà wọ́n. Ẹ ṣáà jẹ́ kó jìnnà sílé àti sí gbọ̀ngàn di alẹ́.”

“Kí ló fi ṣe wọ́n?” mo bi í.

“Sela, ta ló bá ẹ sọ̀rọ̀? Ṣé mo ní ó ṣe wọ́n ní nǹkan ni? Àbí ó di ìgbà tó bá ṣe é tán ká tó lanu?”

“Àbúrò ọkọ rẹ tó jí ẹlẹ́dẹ̀ àlùfáà sè ńkọ́? Ṣebí orí bẹ́ǹṣì iwájú ló ń jókòó.”

“Ìyẹn yàtọ̀. Tiwa nìyẹn, a mọ ọwọ́ ẹ̀.”

“Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọwọ́ ẹ̀, ẹ ò mọ̀ ọ́n mú!”

Àwọn méjì yòókù fi ọwọ́ bo ẹnu. Melenaite kò rẹ́rìn-ín. Ó kọjú sí Lavinia. “Bí kò bá ní kúrò nílé, ẹ má bínú, ó dà bíi pé kálukú wa ní ibi tó ń lọ lọ́la.”

Pàkí ti wà lórí iná. Omi pupa ti wà nílẹ̀, bí a kò bá sì lò ó lọ́jọ́ kejì, ó bàjẹ́ nìyẹn. Lavinia wo àwọn èèpo tó tò jọ, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. “Á lọ,” ó ní. “Mo ṣèlérí fún yín.”

Bí wọ́n ṣe jáde ni mo jágbe mọ́ ọn. “Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíì! Ta lẹ ń ṣe aṣọ náà fún gan-an? Ẹ da pàkí yẹn nù!”

“Ọjọ́ kan péré ni, Sela,” ó dáhùn. “Wọ́n á ṣe é tán, òun á sì di tiwọn títí ayé. Ìwọ máa ń yára jù.”

Ó sọ fún Saia pé iṣẹ́ obìnrin ni, ọkùnrin kì í wá nítòsí, kó lọ sí oko títí di alẹ́. Ọkùnrin kì í sì í wá nítòsí lóòótọ́. Kì í ṣe irọ́ pátápátá, ìyẹn ló mú kó rọrùn fún un láti sọ.

Mi ò ní purọ́, iṣẹ́ náà dùn lọ́jọ́ kejì. Gbogbo wọn ló wá. A jókòó ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pákó, orin ń lọ lókè, orin ń lọ nísàlẹ̀. Melenaite ní, “Sela, ọwọ́ ẹ wúwo lórí aṣọ, ṣé àná lo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ iṣẹ́ náà ni?” Mo ní, “Ọwọ́ mi tó wúwo kò tíì pa ẹnikẹ́ni lára, lọ wo ẹnu ẹ.” Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Lavinia ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń da omi fún wọn, ó ń gé búrẹ́dì, ojú rẹ̀ ń dán. Nígbà tí ọ̀sán fi rọ̀, aṣọ náà ti na gbọ̀ngàn já, ó pupa dẹ̀dẹ̀. Mi ò tíì rí èyí tó dára tó bẹ́ẹ̀ lórí erékùṣù yìí.

Ìgbà tí a fẹ́ jókòó sídìí oúnjẹ ni Saia yọ sí ẹnu ọ̀nà.

Ó gbé agbọ̀n iṣu sísun lé èjìká. Òun fúnra rẹ̀ ló gbẹ́ ilẹ̀ lóko, ló dá iná sí òkúta, ló bo iṣu náà mọ́lẹ̀ títí ó fi jinná, kí ó lè fi dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń bá ìyá rẹ̀ ṣiṣẹ́. Ó ti rò ó pé iṣẹ́ á ti parí. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà, kò wọlé, ó sì sọ gbólóhùn kan tí a mọ̀ pé ó ti ń kọ́ lẹ́nu láti àárọ̀, nítorí kò sí àṣìṣe kankan nínú rẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ ṣé. Ọlọ́run á bá mi san án fún yín.”

Àwọn ìyá ń fa àwọn ọmọbìnrin wọn sẹ́yìn. Melenaite dìde, kò wo Saia rárá, Lavinia ló ń wò.

“Kí ni àdéhùn wa, ẹ̀gbọ́n Lavinia? Ṣebí ẹ̀yin fúnra yín lẹ ṣèlérí pé ẹ máa lé e jáde nílé ká tó wá?”

Saia yíjú sí ìyá rẹ̀. “Màmá, kí ni wọ́n ń pè ní àdéhùn?”

Èèyàn tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó lè sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún un. Saia wo ojú ìyá rẹ̀ pẹ́, mo sì rí ìgbà tí ó yé e. Ó sọ agbọ̀n kalẹ̀. Aṣọ wà láàárín òun àti ìyá rẹ̀. Kò tẹ̀ ẹ́. Ó yípadà, ó sì lọ. Nígbà tí Lavinia fi sáré délé, báàgì Saia ti kúrò níbẹ̀.

Mo bú wọn lọ́jọ́ náà. Ohun tí mo sọ fún Melenaite, wọ́n ní kò yẹ nínú gbọ̀ngàn ìjọ, pé mo fẹ́ da ìrẹ́pọ̀ rú. Lẹ́yìn náà wọ́n jókòó, wọ́n gbàdúrà, wọ́n sì jẹ iṣu Saia. Wọ́n ní ó jinná dáadáa. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Ó pẹ́ díẹ̀ ká tó gbọ́ pé Nuku'alofa, olú-ìlú wa, ló wà, pé ó ń ru sìmẹ́ǹtì ní èbúté, tí òun àtàwọn bíi tirẹ̀ tí wọ́n dá padà láti Amẹ́ríkà jọ ń gbé yàrá kan. Èmi àti Lavinia wọ ọkọ̀ ojú omi, a ká aṣọ náà, a gbé e lé èjìká. Ààrin àpò sìmẹ́ǹtì la ti bá a, ara rẹ̀ funfun láti orí dé ẹsẹ̀. Ó nu ẹnu, ó fi ẹnu ko ìyá rẹ̀ lẹ́rẹ̀kẹ́, ó bá wa wá ibi tí a jókòó sí, ó la àgbọn fún wa. Kò bínú sójú. Ìbá sàn bó bá bínú.

“Aṣọ rẹ rèé,” Lavinia ní. “Jẹ́ ká lọ sílé, ọmọ mi. Nítorí tìẹ ni mo ṣe gbà fún wọn. Mo fẹ́ kí wọ́n gbà ọ́ mọ́ra ni.”

Saia ń wá ọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀. “Wọn ò fẹ́ mi. Mo mọ̀. Kò dùn mí. Wọn kì í ṣe màmá mi.” Ó wo ilẹ̀. “O fún Àǹtí ní mi. O ní ó dáa. Mo kéré nígbà yẹn. Báyìí, o tún fún wọn ní mi.”

Lavinia ní, “Saia, jọ̀ọ́.” Ọ̀gá wọn pè é láti inú ọkọ̀. Saia ní ká máa lọ ká má bàa pàdánù ọkọ̀ wa, ó sì padà sídìí ẹrù. Kò fọwọ́ kan aṣọ náà.

A tún gbé aṣọ náà padà sílé. Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, bàbá ìjọ, ọkọ Melenaite, ló wàásù. Ó ní ká gba ara wa mọ́ra, ká má ṣe dá ara wa lẹ́jọ́. Àwọn ọkùnrin ń kígbe pé ó dáa, ó dáa. Bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn ṣófo, nígbà tó sì yá, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí jókòó síbẹ̀ padà.

Nígbà tí ẹgbẹ́ tún pàdé ní gbọ̀ngàn, Lavinia tẹ́ aṣọ náà sílẹ̀. Ó mú ọ̀bẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí gé e. Ó gé ti ẹni kìíní, ó fún un. Ó gé ti ẹni kejì, ó fún un. Mo rò pé ojú á tì wọ́n. Mo rò pé ẹnì kan, ẹyọ ẹnì kan, á sọ pé òun kò gbà. Wọ́n gbà á, wọ́n ń yọ̀, wọ́n ń fi ti ẹnì kan wé ti ẹnì kejì, ẹnì kan tiẹ̀ ní tòun kéré. Èmi nìkan ni kò gé fún, ó mọ̀ mí.

Melenaite ló gba èyí tó gbẹ̀yìn, etí rẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ dára jù. Ó dì mọ́ Lavinia, omi lé ròrò sí i lójú, mo sì gbà pé omijé tòótọ́ ni.

“Ẹ wo obìnrin yìí, ẹ̀yin ará,” ó ní. “Ohun tó wù ú jù láyé, á gbé e fún èèyàn láìwẹ̀yìn. Ẹ̀gbọ́n Lavinia, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?”

Lavinia ń nu ọ̀bẹ. “Ó ti mọ́ mi lára,” ó ní.