Ẹyin Inú Àpò Gàrí

Nígbà tí ẹgbẹ̀rún ọdún tuntun ń kanlẹ̀kùn, ọkọ mi kọ́ Python, èdè tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, níbi iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀, àlàáfíà bá tán nílé wa ní Alákìá. Ó gbé kọ̀ǹpútà wá sílé, ó ní òun ó máa fi ṣọ́ sítọ́ọ̀ oúnjẹ wa. Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá nǹkan wà nílé, kí a bi ẹ̀rọ. Bó bá wà, á kọ oókan. Bí kò bá sí, á kọ òdo. Mo ní, "Dádì, ojú tí Ọlọ́run fún wa ńkọ́?" Kò tiẹ̀ gbọ́ mi.

Lọ́jọ́ kan tí ọkọ mi gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, tí èmi wà níléèwé tí mo ti ń ṣe olùkọ́, ìyá mi fi ẹrù ránṣẹ́ láti abúlé wọn lẹ́bàá Akánrán. Dírẹ́bà tó ti ń bá wa gbé ẹrù kí n tó lọ́kọ ló gbé e wá. Bó ṣe ń kà á ni ọkọ mi ń tẹ̀ ẹ́: iṣu, ata, àpò gàrí, ẹyin nínú àpò gàrí. Inú gàrí la máa ń ri ẹyin mọ́ kó má baà fọ́ lójú ọ̀nà. Ta ni kò mọ̀yẹn?

Mo dé, mo bèèrè ẹyin. Ó tẹ̀ ẹ́. Òdo. "Dírẹ́bà ti gbé e lọ!" Ọkọ mi ti gba gáréèjì lọ kí n tó bọ́ bàtà.

Mo ki ọwọ́ bọ àpò gàrí, ẹyin ni mo bà. Nínú àkọsílẹ̀ tí ọkọ mi tẹ̀, ẹ̀rọ ti dé ẹnu àpò, ó rí i pé àpò ni, ó kọjá. Kì í tú ohun tó wà nínú ohun mìíràn wò àfi tí a bá ní kó tú u. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ sunkún. Mo sáré dé gáréèjì, ṣùgbọ́n ọkọ mi ti pe àgbàlagbà dírẹ́bà yẹn lólè lójú èrò ọkọ̀.

"Ọ̀gá, mo sọ fún yín pé inú àpò ló wà."

"Ẹ̀rọ kì í parọ́!"

Mo na ẹyin sí ọkọ mi. Ó bẹ̀bẹ̀ títí. Dírẹ́bà ní kò sí wàhálà, ó yíjú, ó wa ọkọ̀ lọ, kò sì gbé ẹrù wa mọ́.

Lóṣù kejì, ìyá mi fúnra wọn ló ru gàrí àti ẹyin inú rẹ̀ wá láti títì. Wọ́n ṣì ń nu òógùn ní pálọ̀ nígbà tí ọkọ mi pè mí: ó ti tún ẹ̀rọ ṣe, ó ti ń tú àpò wò. Ó tẹ ẹyin, ó rẹ́rìn-ín. Oókan.

Mo ní, "Ẹ bi í bóyá dírẹ́bà wa wà níbẹ̀."